Àgò Onílé

Nígbà tí a ń kó ẹrù Bàbá kúrò lábẹ́ ibùsùn
ní yàrá ẹ̀yìn, ní òpópónà Káno, l'Ébùté Mẹ́ta,
ẹ̀gbọ́n mi mú fáìlì pẹ́ńṣàn,
Àdùnọlá mú rédíò,
èmi mú pátákó oníbọ́tìnnì dúdú kan
tí Bàbá rà bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀n lọ́dún tí wọ́n bí mi,
kọ̀ǹpútà tí kò ní ojú,
ojú tẹlifíṣọ̀n ló ń yá kó tó ríran.

Ẹgbàá mẹ́rìnlélógún ni ìrántí rẹ̀, ó lé díẹ̀.
Fọ́tò kan ṣoṣo lórí fóònù yín kò lè wọ ibẹ̀,
àfi bàtà ẹni tó wà nínú fọ́tò.

Mo tàn án. Ó kí mi lédè ẹni tó ṣe é.
Mo tẹ orúkọ mi.
Ó ní mo ṣàṣìṣe.

Onílé kan ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn,
ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti ọjọ́ yìí wá,
òun ló ń pín yàrá, òun ló ń sọ pé
ìwọ, wọlé, ìwọ, dúró ná.
Ayálégbé kì í lé onílé.
Mo ní kò burú,
n ó kọ́ ilé tèmi sórí ilẹ̀ kan náà.

Oṣù mọ́kànlá ni.
Òru ni, bí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá ti dákẹ́,
mo ń to òfo àti ení, òfo àti ení.
Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gba ihò mẹ́jọ níbùú, mẹ́jọ lóròó.
Àwọn tó ṣe é fi ìlà ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lófìfo,
wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó máa gbé ibẹ̀.
Ibẹ̀ ni mo fi ẹ sí,
ibẹ̀ ni ṣ fẹsẹ̀ tẹ̀.
Ọ́ ló fẹ́ pa mí:
ó ru ẹrù sórí, ó tún wọ bàtà,
àfìgbà tí mo gé e lọ́rùn díẹ̀ kó tó gba ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀gá Fásànyà tó ń tún rédíò ṣe
ló fún mi ní ẹ̀rún tí a ó kọ ọ́ sí,
ó ní fèrèsé gíláàsì lẹ́yìn,
ẹsẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n, bí ọ̀kùn onírin.
"Bí o bá ṣì í kọ, oòrùn ni ọṣẹ rẹ̀."
Mo ṣì í kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án.
Mo ń sá a sórí páànù ilé ìdáná, ọjọ́ méje, ọjọ́ mẹ́jọ,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata Ìyá Múfútáù,
òun ló máa ń pariwo pé òjò ń bọ̀ o, wá kó kòkòrò rẹ!
Oṣù Keje, kò sí oòrùn rárá.
Àṣìṣe kan lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó parẹ́.
Mi ò fi ìyẹn kọ́ yín lọ́gbọ́n kankan. Ó pẹ́ ni.

Àdùnọlá bi mí pé kí ló máa wúlò fún.
Ìyá wa ló dá a lóhùn, láti orí bẹ́ǹṣì:
Bàbá yín náà tẹ orúkọ rẹ̀ sí i lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́,
Ọlátúbọ̀sún, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì,
ọkùnrin tó fi owó oṣù mẹ́ta Relúwéè rà á.
Ó wo ohun tó kọ padà fún un.
Ó pa á. Ó tì í sábẹ́ ibùsùn.

Mọ́júmọ́ ọjọ́ Ẹtì, iná dé ní aago méjì òru.
Mo ti ẹ̀rún náà bọ ihò, ẹsẹ̀ kan tẹ̀, mo nà án padà.
Tẹlifíṣọ̀n dúdú fún ìgbà díẹ̀,
lẹ́yìn náà, ìlà funfun kan tó ń gbọ̀n.
Mo tẹ: ÀGÒ ONÍLÉ O.

ÀGÒ YÀ.
Ọ̀rọ̀ náà wọ́ díẹ̀ sọ́tùn-ún,
àmì orí Ò fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.
TA NÌYẸN?

Mo tẹ orúkọ Bàbá.
Mi ò tíì kọ ibi tí yóò ti dáhùn.
Ó kàn dúró, ó ń ṣẹ́jú,
ó ń ṣẹ́jú,
títí wọ́n fi mú iná lọ.